Eré mẹ́rìndínlógójì: ohun tí lígì ìsàlẹ̀ Skọ́tlándì kọ́ mi nípa ìgòkè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan yóò gòkè ní lígì ìsàlẹ̀ Skọ́tlándì, kó má wo ọjọ́ tí wọ́n fi márùn-ún sí òdo na ẹnìkan nínú oòrùn Oṣù Kẹjọ. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú Oṣù Kejì ni kó wò, nígbà tí òtútù ń jẹ etí, tí pápá ti di ẹrẹ̀, tí aṣọ́lé àkọ́kọ́ ń tọ́jú orúnkún nílé, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù àárín tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ẹgbẹ́ náà bá kó wálé lálẹ́ yẹn, ì báà jẹ́ pọ́íǹtì kan ṣoṣo, òun gan-an ni ìgòkè. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo kọ́ ń já sí.

Kí n kọ́kọ́ tú ètò náà palẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa, Arsenal àti Chelsea la mọ̀. Láti 2013 ni àjọ SPFL ti ń darí lígì mẹ́rin tó ní ẹgbẹ́ 42. Premiership ní 12. Championship, League One àti League Two ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní àwọn mẹ́ta ìsàlẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ kan máa ń pàdé ẹgbẹ́ kejì lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín sáà kan, ẹ̀ẹ̀mejì nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lóde. Alátakò mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin, eré 36. Ẹni tó ṣe ipò kìíní gòkè tààrà. Ní Championship àti League One, ẹni tó gbẹ́yìn já wálẹ̀ tààrà. Ẹni kejì, ẹni kẹta àti ẹni kẹrin á wá lọ bá ẹni tó ṣe ipò kẹsàn-án ní lígì tó wà lókè wọn (ipò kọkànlá ni tó bá jẹ́ Premiership) nínú play-off, ìyẹn eré àfikún tó ń pinnu ẹni tó máa gba àyè tó kù lókè, nínú Oṣù Karùn-ún.

Ẹni tó gbẹ́yìn ní League Two, ní tirẹ̀, ní ẹ̀mí kan sí i: ó máa ń bá ẹni tó borí láàárín Highland League àti Lowland League, àwọn lígì tó wà lábẹ́ League Two, pàdé lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá ṣẹ́gun ló ni àyè náà. Bẹ́ẹ̀ ni Berwick Rangers ṣe jáde ní 2019, Brechin City ní 2021, Cowdenbeath ní 2022, Albion Rovers ní 2023. Bonnyrigg Rose ló lé Cowdenbeath. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 2025, East Kilbride lé Bonnyrigg náà.

Ẹ fi ètò yìí ṣe ìṣirò, ẹ ó rí i pé nínú ẹgbẹ́ mẹ́wàá, ẹni tó ń ṣeré fún ṣíṣe lásán kò pọ̀. Ipò kẹrin lè gòkè, ipò kẹsàn-án lè já. Nínú Oṣù Kẹrin, ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kẹfà ṣì ń wo ìkẹrin, ẹni tó wà ní ipò keje ṣì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí pọ́íǹtì ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń sáré ìgòkè. Ẹni tó bá gbójú lé e pé eré márùn-ún tó kẹ́yìn rọrùn nítorí pé “àwọn yẹn ti parí tiwọn” á rí i pé wọn ò tíì parí nǹkankan.

Pípàdé lẹ́ẹ̀mẹ́rin yẹn gan-an ni àlejò kì í tètè lóye. Ní lígì tí ẹ ti ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì, ọgbọ́n tuntun lè gbé ẹgbẹ́ dé ìparí sáà. Níhìn-ín, kò lè ṣe é. Nígbà àkọ́kọ́, nínú Oṣù Kẹjọ tàbí Oṣù Kẹsàn-án, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ tó máa ń gé wọ inú lọ gbá ẹsẹ̀ òsì á dá wọn láàmú. Nígbà kejì, wọ́n á fi ènìyàn méjì dúró dè é. Nígbà kẹta, wọ́n á ti wo fídíò eré méjèèjì, wọ́n á sì mọ̀ pé tí wọ́n bá tì í sí ìta, kò ní nǹkan míràn. Nígbà kẹrin, ẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́ wọn á kí i pẹ̀lú orúkọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún kóòṣì tó fi nǹkan pamọ́. Kọ́nà tí wọ́n ti dánra wò lọ́nà mẹ́rin, méjì ni kí wọ́n lò títí di Oṣù Kejìlá, kí méjì tó kù wà nínú àpò. Kí iwájú ní ènìyàn méjì tí wọn ò jọra: ọ̀kan tó ga tó lè fi orí gba bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láàárín àwọn òǹdènà, ọ̀kan tó lè sáré gba ẹ̀yìn wọn. Tí ẹni tó ga bá bẹ̀rẹ̀ nígbà kẹta, kí asáré bẹ̀rẹ̀ nígbà kẹrin. Ẹgbẹ́ tí mo rí tó ń rá lẹ́yìn ọdún tuntun, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé agbára wọn tán. Ojú ti mọ́ wọn ni.

Ìṣirò tí mo máa ń fi díwọ̀n sáà kò le. Pọ́íǹtì méjì fún eré kọ̀ọ̀kan, 72 ní ìparí. Ìyẹn já sí 18 nínú eré mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ìyẹn ìgbà tí ẹ bá ti pàdé gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́gun márùn-ún, ọ̀mì mẹ́ta, ìfìdírẹmi kan: 18 pé. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, ó dà bí nǹkan tó rọrùn, àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣe é nígbà mẹ́rin tẹ̀ léra. Nígbà míràn kì í tilẹ̀ ná ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Kilmarnock fi 67 gba Championship ní 2022, Arbroath tó ṣe ipò kejì ní 65. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 67 ṣe àfojúsùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ti fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti pinnu.

Ọ̀mì ni ikán tó ń jẹ àjà sáà. Ó máa ń dùn lẹ́nu: “A ò pàdánù nínú eré mẹ́jọ.” Tí márùn-ún nínú mẹ́jọ yẹn bá jẹ́ ọ̀mì, pọ́íǹtì 14 nìkan ni, kò tó 16 tó yẹ kó jẹ́. Ọ̀mì méjì fún yín ní pọ́íǹtì méjì. Ìṣẹ́gun kan àti ìfìdírẹmi kan fún yín ní mẹ́ta. Nítorí náà, tí ó bá di ìṣẹ́jú àádọ́rin, tí ẹ sì ń gbá 1-1 lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì, ẹ mú òǹdènà kan jáde, kí ẹ fi ẹni iwájú kan sí i. Tí wọ́n bá na yín, ó dáa, ẹ fi kan pàdánù. Àmọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń du ipò kìíní, lórí pápá tirẹ̀, ọ̀mì yẹn dára gan-an, nítorí kò jẹ́ kí òun náà rí mẹ́ta gbà. Kóòṣì tí kò bá mọ̀yàtọ̀ láàárín ọ̀mì méjèèjì yìí, ẹ má fi owó yín gbè é.

Ẹni tó bá sì rò pé pọ́íǹtì kan kì í ṣe nǹkan, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Falkirk. Ní Oṣù Kẹta 2020 ni kòrónà dá bọ́ọ̀lù dúró. Raith Rovers fi pọ́íǹtì kan ṣoṣo ṣíwájú Falkirk ní orí League One. Wọ́n fi ìṣirò pọ́íǹtì fún eré kọ̀ọ̀kan parí sáà náà, Raith gba ife, wọ́n gòkè, kò sì sí play-off tí Falkirk ì bá fi tún ara wọn ṣe. Ọ̀mì kan nínú Oṣù Kẹwàá, tí wọn ò tilẹ̀ ní rántí mọ́, ì bá ti yí i padà. 2024 ni Falkirk tó kúrò nínú League One. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kúrò náà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́: lábẹ́ John McGlynn, wọ́n gbá eré 36, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́gun wọn. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba Championship pẹ̀lú, wọ́n di ará Premiership.

Wàyí o, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Ní League Two àti ní apá tó pọ̀ nínú League One, iṣẹ́ míràn ni wọ́n ń jẹ. Káfíńtà, olùkọ́, oníná, awakọ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́. Wọ́n á dé ibi ìdánrawò ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n á sì gbá eré ní Sátidé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ìyẹn ni pé kóòṣì ní wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti fi ṣe gbogbo nǹkan. Ìnáwó wákàtí mẹ́ta yìí ló ń ya kóòṣì rere sọ́tọ̀. Sáré kíká pápá kò yẹ kó wà nínú rẹ̀ rárá; kí oníkálukú lọ sá tirẹ̀ ládùúgbò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà fún iṣẹ́ líle, bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù padà àti bí a ṣe ń tì wọ́n sí igun. Ọjọ́bọ̀ wà fún kọ́nà, bọ́ọ̀lù ìdúró àti ìjùwọlé gígùn, nítorí eré tó há, bọ́ọ̀lù ìdúró kan ló sábà máa ń já a.

Tí eré tí wọ́n sún bá wá bọ́ sí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdánrawò kan ti lọ nìyẹn. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra, ẹgbẹ́ náà á lo oṣù kan pẹ̀lú Ọjọ́bọ̀ nìkan, ara á sì ti rẹ wọ́n débi pé rírìn lásán ni wọ́n á máa rìn lọ́jọ́ náà. Ibí yìí ni mo ti máa ń rí i tí ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kìíní nígbà Kérésì ń yọ̀ wálẹ̀. Àwọn tó ń wo eré á ní ọkàn ló kù díẹ̀ káàtó fún wọn. Kì í ṣe ọkàn. Kàlẹ́ńdà ni.

Iye ènìyàn tó yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́? Ogún ni mo máa ń sọ: aṣọ́lé méjì, òǹdènà méje, àárín mẹ́fà, iwájú márùn-ún. Tó bá dín sí 18, ìfarapa àti káàdì á jẹ yín nínú Oṣù Kejì. Tó bá ju 23 lọ, owó á pín wẹ́wẹ́, àwọn tí kò rí eré gbá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa Ọjọ́bọ̀ jẹ. Nínú ogún náà, àwọn ọmọ àyálò láti ẹgbẹ́ ńlá wúlò gan-an, pàápàá aṣọ́lé ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kó rí eré àgbà gbá. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa: bí ẹni tó ni ín bá ní ẹ̀tọ́ láti pè é padà nínú Oṣù Kìíní, ẹ ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ yín ṣófo láàárín sáà. Àyálò mẹ́ta tó ń bẹ̀rẹ̀ eré pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ tó ń lé ìgòkè. Méjì tó, kí ẹni kẹta máa wà níbi ìpààrọ̀.

Wíwá agbábọ́ọ̀lù níbi tí ẹlòmíràn kò wò tún jẹ́ ọ̀nà kan. Ayr United ṣe é ní 2022. Wọ́n lọ sí Welling United, ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ ní apá London, wọ́n mú Dipo Akinyemi wá, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀ fún wa. Òun ló gbá ayò wọlé jù ní Championship sáà náà, Ayr sì ṣe ipò kejì. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, Ayo Obileye wà ní ẹ̀yìn Queen of the South nínú lígì kan náà, lẹ́yìn náà Livingston mú un lọ sí Premiership. Owó tí wọ́n ń ná ní lígì kẹfà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Skọ́tlándì ìsàlẹ̀. Ẹni tó lè fi ara da ẹrẹ̀ ọ̀hún lè fi ara da tibí.

Ojú ọjọ́ wá ń kọ́? Tí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú.

Pápá koríko gidi ní ìgbà òtútù, ilẹ̀ lè dì gbagidi ní òru kan. Aṣọ ìbòpápá wà fún un, àmọ́ àsìkò tí a tẹ́ ẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó dì ni, ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ lé ilẹ̀ tó ti dì, òtútù ló tì mọ́ abẹ́ rẹ̀. Tí òjò bá sì rọ̀ lé aṣọ náà lórí, omi tó gbà á wúwo débi pé ènìyàn mẹ́wàá kò ní lè fà á. Ẹ ní láti gbá omi náà kúrò kí ẹ tó ká a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á dà sórí ìlà ẹ̀gbẹ́. Ibi tí rẹfirí máa ń kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ ni ìhà tí òjìji ilé ìjókòó ńlá bò. Ní Oṣù Kejìlá, oòrùn Skọ́tlándì kì í ga, gúúsù ló ń gbà lọ jẹ́jẹ́, ibi tí òjìji yẹn wà kì í yọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Rẹfirí á fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ilẹ̀, á ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ wò ó. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá pápá lè rọ̀, tí ìdá kan yẹn bá le bí òkúta, eré ò sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí àyẹ̀wò yẹn pẹ́. Láti Stranraer ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn dé Peterhead ní àríwá ìlà-oòrùn, ó ju 250 máìlì lọ. Àwọn méjèèjì jọ wà ní League Two ní sáà 2024-25. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ kò ní dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Tí wọ́n bá fagi lé eré nígbà tí bọ́ọ̀sì ti dé agbedeméjì, owó epo ti lọ, owó awakọ̀ ti lọ, eré náà á sì padà wá ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí àwọn oníṣẹ́ á ní láti gba ìsinmi ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n máa ń pe rẹfirí àdúgbò wá wo pápá láti ọjọ́ Ẹtì, ó kéré tán, kí wọ́n lè ta àlejò lólobó.

Afẹ́fẹ́ tún yàtọ̀. Gayfield, pápá Arbroath, wà létí òkun débi pé ìjì lè fọ́n omi iyọ̀ sórí ìlà. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn wọn ni kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gígùn. Àṣìṣe ni. Afẹ́fẹ́ á gbé e kọjá agbábọ́ọ̀lù iwájú, á di ti aṣọ́lé wọn, ogójì ìṣẹ́jú á sì kọjá bẹ́ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn yín, bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni, kí ẹ sì gbá a sí àwọ̀n láti ìta àpótí, kó ta wọ́ọ́ níwájú aṣọ́lé. Tí ẹ bá kọjú sí afẹ́fẹ́, ẹ ó rí i pé bọ́ọ̀lù tí ẹ gbá sáàárín máa ń dúró de ẹni tó ń sáré bọ̀; àwọn ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ máa ń ṣeré dáadáa jù bẹ́ẹ̀. Kí aṣọ́lé máa fi ọwọ́ jù ú, kó má fi ẹsẹ̀ gbá a. Balógun tó bá jáwé olúborí nínú jíju owó ẹyọ, kó wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ kó tó yan ìhà: tí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ á rọlẹ̀ ní aago mẹ́rin, kó gba afẹ́fẹ́ náà lò ní ìdajì àkọ́kọ́.

Pápá koríko àtọwọ́dá gba ènìyàn lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wàhálà yìí. Ochilview, pápá Stenhousemuir, irú rẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ náà ti wà láti 1884, kò sì gba lígì kankan rí títí di 2024, nígbà tí Gary Naysmith, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Everton rí, kó wọn dé ipò kìíní League Two. Ogóje ọdún! Mi ò ní sọ pé pápá ló ṣe é. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó lè dánra wò lórí pápá tí yóò ti gbá eré, tí eré ilé rẹ̀ kì í sún káàkiri, ti ní àsìkò tí ẹlòmíràn kò ní. Owó rẹ̀ ni pé orúnkún àti ẹ̀yìn àwọn tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ máa ń ké. Kí kóòṣì má fi wọ́n ṣe eré Sátidé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wo Premiership lókè, kó mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ dìbò ní 2024 pé láti sáà 2026-27 kò ní sí pápá àtọwọ́dá níbẹ̀ mọ́. Owó koríko gidi ti di ara owó ìgòkè.

Ká wá sí play-off, ibi tí mo ti rí omijé jù. Ní àwọn lígì ìsàlẹ̀, ẹni kẹsàn-án ti òkè bá ẹni kẹrin pàdé, ẹni kejì bá ẹni kẹta, eré méjì méjì, lẹ́yìn náà àṣekágbá eré méjì. Eré mẹ́rin láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, fún àwọn tó ti gbá 36. Láti Championship lọ sí Premiership, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni kẹta àti ẹni kẹrin á gbá eré mẹ́fà, ẹni kejì á gbá mẹ́rin, ẹni kọkànlá ti Premiership á kàn jókòó dè wọ́n, á gbá méjì. Rangers, pẹ̀lú gbogbo owó wọn, ṣe ipò kẹta ní 2015, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Queen of the South àti Hibernian kọjá, Motherwell wá fi 6-1 na wọ́n lápapọ̀. Ayr tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ipò kejì wọn ní 2023 kò gbà wọ́n. Partick Thistle tó ṣe ipò kẹrin ló lé wọn jáde.

Partick yẹn náà wá rí tiwọn. Nínú àṣekágbá, wọ́n na Ross County, ẹni kọkànlá ti Premiership, 2-0 nílé, wọ́n tún gbá ọ̀kan wọlé ní Dingwall, ìlú Ross County, ó di 3-0 lápapọ̀. Ross County dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, wọ́n sì fi pẹ́náritì 5-4 borí. Kò sí òfin ayò òde nínú play-off yìí. Ká ní ó wà ni, ayò kan tí Partick gbá ní Dingwall ì bá ti gbé wọn lọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣeré bí ẹni pé òfin yẹn ṣì wà. Ayò tí ẹ bá gbá lóde, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti ilé.

Ẹ fi pẹ́náritì sí Ọjọ́bọ̀ láti Oṣù Kẹta, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ play-off. Ní ìparí ìdánrawò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wúwo, kí ènìyàn méje gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rìn láti ìlà àárín lọ síbẹ̀, kí ẹnìkan máa kọ ìhà tí oníkálukú gbá a sí. Arbroath, tó sún mọ́ Premiership tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Dick Campbell pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí kì í ṣe alákòókò kíkún, pàdé Inverness nínú play-off 2022. Inverness ku ènìyàn mẹ́sàn-án lórí pápá. Arbroath ò rí ayò gbá wọlé, ó di pẹ́náritì, Inverness ló kọjá. Ẹgbẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré lòdì sí afẹ́fẹ́ ní gbogbo sáà kò rí ọ̀nà gba àárín ènìyàn mẹ́sàn-án tó kúnlẹ̀ síwájú àwọ̀n kọjá. Ìyẹn náà yẹ kó ní ìdánrawò tirẹ̀: mọ́kànlá sí mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú ogún, bọ́ọ̀lù látẹ̀gbẹ́ látẹ̀gbẹ́.

Tí ìgòkè bá wá dé ńkọ́? Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í béèrè títí ife á fi wà lórí tábìlì nìyí. Brechin City ṣe ipò kẹrin ní League One ní 2017, wọ́n fi pẹ́náritì na Alloa, wọ́n dé Championship. Ìlú kékeré ni, pápá wọn ní ọgbà igi tútù ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ọgbà ilé bàbá ẹnìkan. Eré 36 ní Championship: ọ̀mì mẹ́rin, ìfìdírẹmi 32, ìṣẹ́gun òdo. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbẹ́yìn ní League One. Nígbà tó fi máa di 2021, wọ́n ti jáde kúrò nínú SPFL pátápátá. Gretna ti ṣáájú wọn rí irú rẹ̀ ní ọ̀nà míràn: ìgòkè mẹ́ta tẹ̀ léra, 2005, 2006, 2007, owó ẹnìkan ṣoṣo, Brooks Mileson, ló gbé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé òkè, pápá wọn kò tó, Motherwell ni wọ́n ti ń gbá eré ilé. Mileson ṣàìsàn, owó dúró, nígbà tó di àárín 2008 ẹgbẹ́ náà ti kúrò nínú lígì. Dumbarton gòkè sí League One nípasẹ̀ play-off ní 2024; nínú Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà wọ́n bọ́ sọ́wọ́ alábòójútó gbèsè, wọ́n yọ pọ́íǹtì 15 lára wọn, wọ́n sì já wálẹ̀.

Nítorí náà, inú Oṣù Kìíní ni kí akápò ti gbé ìwé méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún dídúró, ọ̀kan fún gígòkè. Kí owó àjẹmọ́nú ìgòkè wà nínú ìwé kejì. Ká ní wọ́n ṣèlérí £1,000 fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan nínú ogún, £20,000 ni yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ kan, kí tíkẹ́ẹ̀tì sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Kí wọ́n fi gbólóhùn ìgòkè sínú àdéhùn ènìyàn mẹ́jọ tó ṣe pàtàkì, tí yóò fi ọdún kan kún un fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àdéhùn á tán ní ìparí Oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ tó ga ju yín lọ á sì fi fóònù kan kó wọn lọ. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹni tó lè máa gba ìsinmi fún eré tó jìnnà, nítorí lókè, alátakò tó ń dánra wò láàárọ̀ ojoojúmọ́ ló pọ̀ síbẹ̀.

Kò sì sí àkókò púpọ̀ láti jó. Àṣekágbá play-off máa ń parí nínú Oṣù Karùn-ún. Ìpele ẹgbẹ́ márùn-ún márùn-ún ti ife lígì (League Cup) á bẹ̀rẹ̀ nínú Oṣù Keje, eré mẹ́rin, ẹni tó bá gbá ọ̀mì á sì tún gbá pẹ́náritì fún pọ́íǹtì kan sí i. Káfíńtà tó gbá bọ́ọ̀lù tó gbé yín gòkè ti fi ìsinmi ọdún rẹ̀ ṣe play-off tán. Kí ẹnìkan lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí Oṣù Kẹfà tó tán.